Àká Orin àti Sinimá Inú Ilé: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Pa Ohùn Àwọn Àgbà Mọ́

Àgbẹ̀ tí ó kórè àgbàdo tán kì í fi í sílẹ̀ lóko fún òjò àti ẹyẹ. Inú àká ni ó ń kó o sí. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ nípa àgbàdo yìí, ọ̀pọ̀ onílé ni kò tíì mọ̀ ọ́n nípa orin. Bí ènìyàn bá wọ ilé àwọn àgbà kiri ní ilẹ̀ Yorùbá, yóò rí àwo orin lábẹ́ ibùsùn, yóò rí kásẹ́ẹ̀tì nínú páálí, yóò sì rí fídíò tí a tò jọ sí orí kọ́ńbọ́ọ̀dù. Ikán kì í sáábà jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ooru, ọ̀rinrin àti eruku ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́, láìpariwo.

Ohun tí ó wà nínú wọn kì í ṣe ohun eré lásán. Oríkì ìdílé wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn tí kò sí nínú ìwé kankan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìwòyí kò sọ mọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìlù tí ọwọ́ tí ó lù ú ti di erùpẹ̀. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá parun, kò sí owó tí a lè fi rà á padà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ilé tó láti jẹ́ àká fún gbogbo rẹ̀, bí a bá mọ ọ̀nà tí a ń gbà kó ẹrù sí i, bí a bá mọ bí a ṣe ń sọ ẹrù náà lórúkọ, tí a sì mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ.

ẸRÙ TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń gba ohùn Yorùbá sórí àwo. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Zonophone sì ti gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1936, Túndé King kọ orin jùjú fún ilé-iṣẹ́ Parlophone. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Éṣíà wà lára ohun tí a fi ń ṣe irú àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan wọn kì í sì í sáábà gba orin ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ọ̀kan bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, a fọ́ yángá bí awo amọ̀.

Nígbà tí àwo gígùn dé ní 1948, tí ó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta kan ní ìṣẹ́jú kan, ààyè gba olórin. Ojú kan àwo yìí lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tún di dandan kí alápàlà gé oríkì kúrú nítorí pé àwo fẹ́ tán. Ó lè ki ẹni kan, kí ó ki baba rẹ̀, kí ó sì dé orí ẹgbẹ́ tí ẹni náà wà. Bí ènìyàn bá gbọ́ àwo Oroki Social Club tí Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1971, yóò mọ ohun tí irú ààyè bẹ́ẹ̀ ṣe fún orin Yorùbá.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963 ni ó gbé orin wọ inú ọkọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù àti inú oko. Fídíò VHS jáde ní 1976. Nígbà tí ó sì fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1989, àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ya eré wọn, nítorí pé owó fíìmù ńlá ti ga ju agbára wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni àwo VCD àti DVD dé. Nínú irú àpótí wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ti ní àwọn eré tí Túndé Kèlání darí, bí Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ ti 1993, Ó Le Kú ti 1997 àti Ṣaworoidẹ ti 1999, tí àwọn olùkọ́ Yorùbá sì ń lò títí di òní láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Olúkúlùkù àpótí yìí ni ó ní àrùn tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ń họ ojú àwo. Tẹ́ẹ̀pù inú kásẹ́ẹ̀tì àti ti fídíò ń bu bí búrẹ́dì nígbà òjò, ìyẹ̀fun tí ó gbé ohùn dúró a sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Àwo VCD tí a kọ nílé ń ṣá nítorí ooru àti ìmọ́lẹ̀. Àrùn kan tún wà tí ó kó gbogbo wọn pọ̀: àwọn ẹ̀rọ tí ń lò wọ́n ń tán lọ. Ní 2016 ni ilé-iṣẹ́ Funai ti Japan, tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó ní fídíò láìní ẹ̀rọ rẹ̀ dà bí ẹni tí ó jogún àpótí láìjogún kọ́kọ́rọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjọba tàbí ilé-ìkàwé ńlá yóò máa pa gbogbo rẹ̀ mọ́ fún un. Fíìmù èdè Haúsá kan tí ń jẹ́ Shaihu Umar, tí Adamu Halilu darí ní 1976, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù pátápátá, kí a tó rí i ní Jọ́ọ̀sì ní 2016. Ní Jámánì ni a ti tún un ṣe, a sì fi hàn ní àjọ̀dún sinimá Berlin ní 2018. Oríire ni èyí. Ohun tí oríire gbà là ní ẹ̀ẹ̀kan, ìtọ́jú ni ó yẹ kí ó máa gbà á là nígbà gbogbo.

BÍ OHÙN ṢE Ń DI ÒǸKÀ

Kọ̀ǹpútà kò mọ orin, kò sì mọ àwòrán. Òǹkà nìkan ni ó mọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó gba orin, a ní láti sọ orin náà di òǹkà. Ohùn jẹ́ ìgbì inú afẹ́fẹ́ tí ń ga tí ó sì ń rẹlẹ̀. Ẹ̀rọ a máa wọn gíga ìgbì yìí léraléra, a sì máa kọ ohun tí ó bá wọ̀n sílẹ̀. Fún àwo CD, tí ó jáde ní 1982, ìgbà 44,100 ni a ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì. Bí a bá ka àwọn òǹkà náà padà pẹ̀lú ìyára kan náà, ìgbì yóò tún dìde, etí yóò sì tún gbọ́ orin.

Òǹkà yìí pọ̀. Ìṣẹ́jú kan orin CD tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì mẹ́wàá ààbọ̀, èyí ni pé àwo gígùn kan tí ó jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 420. Nítorí náà ni a ṣe ń fún un. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà fún un, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ṣe pàtàkì.

Ọ̀nà kìn-ín-ní dà bí ìgbà tí a bá ká aṣọ kí ó lè wọ inú àpótí: bí a bá tú u, gbogbo aṣọ náà pé. Irú èyí ni FLAC, tí ó jáde ní 2001. Ó lè dín ìwọ̀n orin kù dé nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, láìsọ ẹyọ òǹkà kan nù. Ọ̀nà kejì dà bí ìgbà tí a bá gé etí aṣọ kí ó lè wọ inú àpótí kékeré. Irú èyí ni MP3. Ó ń yọ ohun tí ó rò pé etí kò ní í fura sí kúrò, ohun tí a bá sì ti yọ kò ní í padà wá mọ́. MP3 tí a fún gan-an lè sọ àwo ogójì ìṣẹ́jú di nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 38 péré.

Ẹni tí ó ń gbọ́ orin nínú ọkọ̀ lè ṣàìmọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ bí a bá fún orin jù, ohùn bí ti ṣaworo etí ìyáàlù àti ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ nípa ìlù láti inú àwo kò gbọdọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tàfàlà. Nítorí náà, FLAC ni ó yẹ fún àká, kí a sì máa ti inú rẹ̀ bu MP3 fún fóònù nígbà tí a bá ń rìnrìn-àjò.

IṢẸ́ GBÍGBÉ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a tó gbé àwo sórí ẹ̀rọ, kí a fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, láti tẹ̀ lé ojú ìlà rẹ̀ yíká. A kò gbọdọ̀ fi ọtí líle nu àwo oníwọ̀n 78 ti àtijọ́, nítorí pé ọtí ń jẹ oje tí a fi ṣe é. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń lo àwo 78 pẹ̀lú yàtọ̀ sí ti àwo gígùn. Ojú ìlà ti àtijọ́ fẹ̀ ju ti ìgbẹ̀yìn lọ. Fídíò tí ó ti bu kò yẹ kí a kì bọ inú ẹ̀rọ kí a tó tọ́jú rẹ̀, nítorí yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ yóò sì tún ba fídíò tí ó bá tẹ̀ lé e jẹ́.

Wáyà ni a fi ń so ẹ̀rọ tí ń lo àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ohun èlò kékeré tí ń sọ ohùn di òǹkà láàárín wọn. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wà fún fídíò náà. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ Audacity ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gba ohùn sílẹ̀. Kí a kọ́kọ́ dán ibi tí orin ti pariwo jù lọ wò, kí ohùn má baà ga débi tí yóò fi máa fọ́. Ohùn tí ó bá ti fọ́ nígbà ìgbàsílẹ̀ kò ṣeé tún ṣe dáadáa mọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ní ọ̀nà àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan yóò gba wákàtí kan. Ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún àwo gígùn ní iṣẹ́ wákàtí 66 ó lé níwájú rẹ̀, láì tíì ka ìnùjú àti orúkọ kíkọ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: bí a bá ń ṣe àwo méjì lọ́sẹ̀, ọgọ́rùn-ún yóò parí láàárín ọdún kan. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò sí lọ́jà, pàápàá kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ohùn bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé, nítorí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó wà láyé.

Ti DVD yá kánkán ju èyí lọ, nítorí pé òǹkà ni ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwo DVD onípele kan ń gba gígábáìtì 4.7. Dísíìkì tẹ́rábáìtì kan, tí kò tóbi ju ìwé àpò lọ, lè gba irú rẹ̀ tí ó lé ní igba.

ILÉ NI À Ń WÒ KÍ A TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Orin tí kò ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà dà bí ọmọ tí ó sọnù lọ́jà: ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò rí i. Púpọ̀ nínú ẹrù tí ènìyàn ń kó sí kọ̀ǹpútà ni ó ń jẹ́ «Track 01» tàbí «Orin tuntun 7». Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹni tí ó kó o síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní í mọ ohun tí ó jẹ́.

Kí a dá fódà kan sílẹ̀ fún olórin kọ̀ọ̀kan, kí fódà àwo kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí ọdún ìgbéjáde sì ṣáájú orúkọ àwo. Nínú orin náà gan-an ni àyè wà tí a lè kọ orúkọ olórin, orúkọ àwo, ọdún àti irú orin sí. Ṣùgbọ́n ohun tí Yorùbá nílò ju èyí lọ. Ta ni onílù? Ta ni a ń kì? Ìlú wo ni ẹ̀ka-èdè tí olórin fi kọrin? Nọ́ńbà wo ni ilé-iṣẹ́ kọ sí ojú àwo? Kí a kọ gbogbo èyí sínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin náà, kí a sì ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn páálí rẹ̀ síbẹ̀. Ìdáhùn sí púpọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí kò sí níbòmíràn ju ẹnu àwọn àgbà lọ, àwọn àgbà kò sì ní í dúró dè wá títí láé.

Ọ̀ràn àmì ohùn kò ṣeé fojú fò. Bí a bá kọ «igba» láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba ti ìṣirò ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí ń lọ tí ń bọ̀, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ó yẹ kí orúkọ orin Yorùbá ní àmì tí ó pé. Ṣùgbọ́n ewu kan fara pamọ́ síbẹ̀. Nínú ètò Unicode, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 tí gbogbo kọ̀ǹpútà sì ń lò nísinsìnyí, ẹyọ kan ṣoṣo ni «ẹ», ẹyọ kan ṣoṣo sì ni «é», ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún «ẹ́». Èròjà ni a ń tò pọ̀ láti rí i: a lè kọ «ẹ» kí a fi àmì òkè lé e lórí, a sì lè kọ «é» kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn yóò rí ohun kan náà. Kọ̀ǹpútà lè rí ohun méjì. Ẹni tí ó bá wá «Ẹ̀gbá» lè ṣàìrí orin tí a fi ọ̀nà kejì kọ, bí ó tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni kí ilé kan lo àtẹ ìkọ̀wé kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a kọ orúkọ fáìlì àti ti fódà láìsí àmì, kí ó má baà dàrú nígbà tí a bá ń gbé e láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kí a sì fi àmì tí ó pé kọ orúkọ tí ó wà nínú orin náà, èyí tí ojú yóò máa rí nígbà tí orin bá ń lọ.

ÀKÁ KAN, ẸNU-Ọ̀NÀ PÚPỌ̀

Nígbà tí ẹrù bá ti wọ àká, kò tún sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi jókòó ti kọ̀ǹpútà kí ó tó gbọ́ orin. A lè sọ kọ̀ǹpútà náà di olùpèsè fún gbogbo ilé. Ètò kan bíi Jellyfin, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2018, yóò ka gbogbo fódà, yóò tò wọ́n sí ojú ìwé kan tí ó ní àwòrán, yóò sì máa gbé orin tàbí sinimá ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè láti orí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Kodi, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 2002, dára fún ẹni tí ó fẹ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà. Báyìí ni baba lè máa wo Ṣaworoidẹ ní pálọ̀, kí ìyá máa gbọ́ ewì ní ilé ìdáná, kí ọmọ sì máa gbọ́ àpàlà ní yàrá, láti inú àká kan ṣoṣo.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn mọ̀ dáadáa ni pé èyí kò ná wọn ní owó dátà. Wi-Fi àárín ilé yàtọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin ń ti inú kọ̀ǹpútà bọ́ sí ráútà, ó ń ti ráútà bọ́ sí fóònù. Kò jáde kọjá ògiri ilé. Kódà bí ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì bá já, orin kò ní í dákẹ́.

Iná mànàmáná ni ìṣòro. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí dísíìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti gbó, ṣùgbọ́n tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń dúró, sàn fún iṣẹ́ yìí ju kọ̀ǹpútà ńlá tí kò ní bátìrì lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi náà tó. Iná tí ó ń jẹ kéré débi pé ìnfátà ilé lè gbé e láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ohun tí irú kọ̀ǹpútà kékeré bẹ́ẹ̀ kò lágbára fún ni kí ó máa túmọ̀ sinimá láti irú kan sí òmíràn bí ó ti ń gbé e ránṣẹ́. Nítorí náà, kí a fi sinimá pamọ́ ní irú tí ọ̀pọ̀ fóònù àti tẹlifíṣọ̀n mọ̀, bíi H.264 tí ó jáde ní 2003, kí kọ̀ǹpútà má baà máa làágùn.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ewu kan wà nínú àká yìí tí kò sí nínú páálí àtijọ́. Bí àwo kan bá fọ́, àwo kan ni ó lọ. Bí dísíìkì kan bá kú, gbogbo ilé ni ó ṣófo. Dísíìkì ń kú, kì í sì í sábà fún ènìyàn ní àkókò ìkìlọ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ṣe ń sọ pé kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí wọ́n wà lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì gbé inú ilé kan náà. Olè tí ó jí kọ̀ǹpútà lè jí dísíìkì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná tí ó jó ọ̀kan yóò jó èkejì.

Fún ìdílé tí ó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ìdáhùn wà nílé: kí ọmọ tí ó wá kí wọn gbé dísíìkì kan lọ. Àǹfààní méjì ni yóò ti ibẹ̀ wá. Ẹrù yóò ní ibi ìsádi, àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí sí òkèèrè yóò sì ní ohùn ìdílé wọn létí. Lọ́dọọdún, kí a ṣí dísíìkì kọ̀ọ̀kan, kí a gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń ṣàárẹ̀, kí a da ohun inú rẹ̀ sí tuntun. Kí a má sì ṣe ju àwo àti kásẹ́ẹ̀tì àtètèkọ́ṣe nù nítorí pé ẹ̀dà ti wà. Àwọn ni ẹlẹ́rìí bí àríyànjiyàn bá dé.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó ra àwo kò ra ẹ̀tọ́ olórin. Ní Nàìjíríà, òfin ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, ni ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà. Pípa ohun tí a fi owó ra mọ́ fún ìlò inú ilé jẹ́ ọ̀ràn kan. Títẹ ẹ̀dà ayédèrú tà lọ́jà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, òun ni ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá di aláìní. Àká tí a kọ́ láti bu ọlá fún olórin kò gbọdọ̀ di ibi tí a ti ń jí i lólè.

Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn mọ ọwọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ẹni tí ń kọrin, ẹni tí ó ń kì àti ohun tí ìlù ń wí. Bí ọmọ bá mú kásẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà rẹ̀ wá, tí ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, tí ó sì padà lọ bi bàbá náà ní orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ méjì ni ó ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó gba ohùn là, ó sì kọ́ èdè. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó wà nílẹ̀ kò ní í dún dáadáa lọ́dún tí ń bọ̀ ju bí ó ti ń dún lónìí lọ.